Táyà ni àbí mọ́tò ni? Ọ̀rọ̀ Ford Explorer àti Firestone

Aládùúgbò mi kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó fẹ́ ra jíìpù tòkunbọ̀, Explorer ọdún 1998, owó ẹ̀ ò wọ́n, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó wá ní kí n bá òun wò ó kóun tó sanwó. Mo ní ó dáa. Àmọ́ dípò kí n ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ mọ́tò ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò, ló bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbà wo ni mo di fọkanáísà. Mo ní kó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n sọ nǹkan kan fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn gùn díẹ̀, mo wá kọ ọ́ síbí kí n má baà tún máa tún un sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra jíìpù.

Ẹ fojú inú wo ọ̀sán gangan ní Texas, oòrùn tó ń yọ́ ọ̀dà, Explorer kan ń já lọ lórí títì márosẹ̀ ní bíi 70 máìlì ní wákàtí, bàbá ló ń wà á, ìyá jókòó tì í, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, ẹrù kún búùtù. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Bàbá rò pé títì ni ò dáa. Kò pẹ́ sí i, gbòà! Gbogbo ẹ̀yìn táyà, ibi tó ń kan ilẹ̀ yẹn, ti bó kúrò lára ẹ̀ bí èèpo ọsàn, ó ń na abẹ́ mọ́tò pàkàpàkà, ìdí mọ́tò sì ń fẹ́ gba iwájú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá fa sítíárìn kó lè gbé e padà, ó fà á jù, ó tún fà á sódì kejì, táyà bọ́ sínú iyanrìn ẹ̀gbẹ́ títì, ó ṣe bí ẹni kọsẹ̀, mọ́tò sì takìtì, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ò de bẹ́líìtì ti gba fèrèsé jáde kó tó dúró.

Mi ò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn o. Bí ọ̀pọ̀ nínú ìjàǹbá Explorer tí táyà Firestone bó lára ẹ̀ ṣe jọra ni mo kó pọ̀ sójú kan: àwọn ìpínlẹ̀ tó gbóná bíi Texas, Florida, Arizona àti California, ìgbà ooru, eré, ẹrù, táyà ẹ̀yìn, tọwọ́ òsì ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Aládùúgbò mi ní, ẹ gbọ́, táyà mọ́tò kékeré náà máa ń já, ṣé gbogbo wọn ló ń takìtì ni? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ mú àpótí kúkurú tí àwọn ìyá wa fi ń jókòó dáná, ẹ tì í, ó máa wọ́ nílẹ̀ ni, kò ní ṣubú. Ẹ wá lọ mú àga gíga onígi ilé ọtí yẹn, ẹ tì í lókè, ẹ ó gbọ́ ariwo ẹ̀. Igi kan náà ni wọ́n fi kàn wọ́n, gíga àti bí ẹsẹ̀ wọn ṣe yà síra ló yàtọ̀. NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú títì, ní ìṣirò kékeré kan tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: wọn àlàfo àárín táyà òsì àti táyà ọ̀tún, dá a sí méjì, kí o wá fi gíga ibi tí ìwúwo mọ́tò jókòó sí pín in. Mọ́tò kékeré sábà máa ń bọ́ sáàárín 1.30 sí 1.50. Jíìpù ń bọ́ sáàárín 1.00 sí 1.30. Bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ sí 1 ni àga ilé ọtí ń wọ ọ̀rọ̀ náà. Tí o bá tún wá di ẹrù sórí òrùlé, àpò ẹ̀wà, mátírẹ́ẹ̀sì, jẹnẹrétọ̀, ìwúwo ti gòkè nìyẹn, nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún un nílé iṣẹ́ kì í ṣe ti mọ́tò tí ìwọ ń wà mọ́.

Mọ́tò tó ń yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ọ̀dà tó dán kì í sábà dojú dé fúnra ẹ̀, nǹkan ló ń gbé e lẹ́sẹ̀. NHTSA sọ pé nínú ìjàǹbá takìtì tó jẹ́ mọ́tò kan ṣoṣo ló dá a ṣe, nǹkan bíi 95 nínú 100 ló jẹ́ pé mọ́tò yẹn kọsẹ̀, bóyá iyanrìn rírọ̀ ni o, bóyá etí títì, bóyá kòtò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé tí táyà bá já lórí eré, má tẹ bíréèkì gbì, má sáré wá ẹ̀gbẹ́ títì, di sítíárìn mú ṣinṣin kí mọ́tò máa lọ tààrà, yọ ẹsẹ̀ lórí eré kó rọra rọlẹ̀ kó tó di pé o yà. Ó dùn-ún kọ jàre. Lórí eré 70 máìlì, tí ọmọ ń lọgun lẹ́yìn, ta ló ń rántí?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Explorer. Ọdún 1990 ló jáde, láàárín ọdún mélòó kan ó ti di jíìpù tó tà jù ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2000 nìkan wọ́n ta ju 400,000 lọ. Jíìpù tẹ́lẹ̀ jẹ́ nǹkan ọdẹ àti àgbẹ̀, Explorer wà lára àwọn tó sọ ọ́ di mọ́tò ìyá ọlọ́mọ, ilẹ̀kùn mẹ́rin, AC, ìjókòó tó tutù, o sì ga ju gbogbo èèyàn lọ lójú títì. Ẹni bá jókòó sókè á rò pé òun wà ní ààbò, gíga yẹn gan-an ló sì ń dun mọ́tò. Lábẹ́ gbogbo fáàrí yẹn, férémù Ranger ló wà, pick-up kékeré tí Ford fi ń kó ẹrù. Bronco II tó ṣáájú ẹ̀, tí wọ́n ṣe láti bíi ọdún 1983 títí dé 1990, ti lórúkọ burúkú tẹ́lẹ̀ pé ó ń takìtì, àwọn lọ́yà ti ń jẹun lórí ẹ̀ kí Explorer tó délé.

Nítorí náà Ford ò lè sọ pé àwọn ò mọ̀. Lọ́dún 1989, nígbà tí wọ́n ń dán Explorer wò kó tó dọ́jà, táyà ń gbé kúrò nílẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ́ kọ̀nà lójijì. Àwọn ẹnjiníà jókòó, wọ́n kọ nǹkan mẹ́rin tí wọ́n lè ṣe sílẹ̀. Wọ́n lè fẹ àlàfo táyà sí i ní ínǹṣì 2. Wọ́n lè sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Wọ́n lè dín afẹ́fẹ́ táyà kù, wọ́n sì lè mú sípíríǹgì le sí i. Ẹ wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa. Méjì àkọ́kọ́, ẹ máa tú mọ́tò palẹ̀, ẹ máa náwó, ọjọ́ tí ẹ dá fún ọjà máa yẹ̀. Méjì tó kù, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti tó. Mo bi aládùúgbò mi pé èwo lo rò pé wọ́n mú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti ṣe bísínẹ́ẹ̀sì rí.

Bó ṣe di pé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà jẹ́ 26 psi nìyẹn. Táyà yẹn lè gba 35, àmọ́ 26 ni Ford kọ sára ilẹ̀kùn pé kí ẹ máa fún un. Táyà tó rọ̀ díẹ̀ kì í gbá títì mú gírígírí, tí mọ́tò bá ṣẹ́ kọ̀nà líle ó máa yọ̀ díẹ̀ dípò kó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì tún mú kí ìjókòó tuni lára. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ irin. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ yẹn ni mo máa ń dúró sí.

Nítorí pé afẹ́fẹ́ tó kéré ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ táyà. Ẹ mú wáyà irin tín-ín-rín kan, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ẹ fọwọ́ kan ibi tó ń tẹ̀ yẹn, ó gbóná. Táyà tí afẹ́fẹ́ ò kún inú ẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, gbogbo ìgbà tó bá yí kanlẹ̀ ló ń tẹ̀ tó ń nà, lórí eré, pẹ̀lú ẹrù, nínú oòrùn. Tó bá tún wá jò díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wò ó, 26 ti di 22 nìyẹn, ó ti di 20, ojú lásán ò sì lè mọ̀ ọ́n lára táyà òde òní. Nínú táyà yẹn, ìpele wáyà irin méjì ló sùn lé ara wọn, rọ́bà ló mú wọn pọ̀. Etí ìpele yẹn ló kọ́kọ́ ń sán, ó ń sán bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún oṣù fún ọdún, títí di ọjọ́ tí tòkè á ṣí kúrò lórí tìsàlẹ̀ tòun ti gbogbo rọ́bà ẹ̀yìn ẹ̀.

Ẹ má wá rò pé Firestone, ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà yẹn, ni mò ń gbè lẹ́yìn o. Ilé iṣẹ́ wọn kan ní Decatur, ní Illinois, ni púpọ̀ nínú àwọn táyà burúkú yẹn ti wá, ATX àti Wilderness AT ni orúkọ wọn, ẹni tó bá rí VD níbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà DOT lára táyà, ìyẹn àmì tó ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é àti ìgbà tí wọ́n ṣe é, mọ̀ pé Decatur ni. Láàárín 1994 sí 1996 àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ àti ilé iṣẹ́ ń jà lórí owó àti wákàtí iṣẹ́, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ kó àwọn mìíràn wá rọ́pò wọn. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Alan Krueger àti Alexandre Mas, padà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé táyà tí wọ́n ṣe níbẹ̀ nígbà ìjà yẹn ló bàjẹ́ jù. Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí Ford máa ń nà síta: láàárín 1995 sí 1997 wọ́n fi táyà Goodyear sára Explorer kan náà, afẹ́fẹ́ 26 kan náà, àwọn yẹn ò sì bó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu ni. Kò kàn sọ fún wa ìdí tí mọ́tò fi ní láti dojú dé tí táyà bá bó.

Ìlú òkèèrè ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ní August 1999 Ford ti ń pààrọ̀ táyà fún àwọn onímọ́tò ní Saudi Arabia àti àwọn ìlú ìtòsí ẹ̀, nígbà tó di May 2000 ó kan Venezuela. Wọn ò pariwo ẹ̀ nílé. Ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n KHOU ní Houston gbé e síta ní February 2000 ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, oníkálùkù ń sọ pé tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, NHTSA ṣí ìwádìí ní May, nígbà tó sì di 9 August 2000 Firestone pe táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 tó ṣì wà lójú títì padà. Táyà ò tó láti fi rọ́pò. Àwọn èèyàn ń tò sílé táyà bí ìgbà tí epo bá wọ́n níbí.

Ní September wọ́n pe àwọn ọ̀gá méjèèjì síwájú ilé aṣòfin. Masatoshi Ono ti Firestone tẹrí ba, ó tọrọ àforíjì, kò sì pẹ́ tó fi ipò sílẹ̀. Jacques Nasser ti Ford jókòó gbọn-in, ó ní táyà ni, kì í ṣe mọ́tò.

Ibẹ̀ ni mo ti gbádùn ìtàn yìí jù, Ọlọ́run má bínú sí mi, nítorí pé àna ni ilé méjèèjì jẹ́ síra wọn. Láti 1906 ni Harvey Firestone ti ń ta táyà fún Henry Ford, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n, ọmọ-ọmọ Ford sì fẹ́ ọmọ-ọmọ Firestone lọ́dún 1947. William Clay Ford Jr, tó jẹ́ alága Ford lásìkò ìjà yìí, ìyá tó bí i, ọmọ Firestone ni. Ẹ wo ilé tí wọ́n ń dà síta! Firestone ní táyà wa kan náà wà lára Ranger, Ranger kì í takìtì báyìí. Wọ́n lọ pe ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Ohio State, òun náà ní tí táyà ẹ̀yìn bá ti bó lára Explorer, ìdí ẹ̀ máa ń sá jáde tí awakọ̀ kékeré ò lè mú un. Ford ní irọ́ ni, iye tó ń kú nínú Explorer ò ju ti jíìpù mìíràn lọ. Ní 21 May 2001, John Lampe tó gbapò Ono kọ lẹ́tà sí Nasser pé àwọn ò ní ta táyà fún Ford mọ́ ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kejì Ford kéde pé òun máa pààrọ̀ táyà Firestone mílíọ̀nù 13 sí i. Ó ku díẹ̀ kí ọ̀rẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

NHTSA ka òkú 271 ní Amẹ́ríkà nìkan. Àjọ náà dá táyà lẹ́bi ní October 2001, Firestone tún pe mílíọ̀nù 3.5 padà. Firestone ní kí wọ́n wo Explorer náà, àjọ náà kọ̀ ní February 2002, wọ́n ní kò yàtọ̀ sí jíìpù ẹgbẹ́ ẹ̀.

Kò yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ ẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni Ford gbá mú bí ìwé ẹ̀rí, èmi sì rò pé ẹ̀sùn ni. Tí gbogbo àga ilé ọtí bá jọ ń ṣubú, ìyẹn ò sọ wọ́n di àpótí. Lójú tèmi, táyà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mọ́tò ló parí ẹ̀. Táyà tó bó lára mọ́tò kúkurú máa náni lówó, ó lè gbé ẹ sínú igbó, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo máa fi dúró síbẹ̀.

Òfin ò pẹ́ jáde. Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, fọwọ́ sí òfin TREAD Act ní 1 November 2000, ara nǹkan tó ti ibẹ̀ wá ni iná kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù pé afẹ́fẹ́ táyà ti lọ sílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní kí mẹkáníìkì bá wa pa nítorí pé ó ń yọ wá lẹ́nu. Nígbà tó yá wọ́n tún sọ ọ́ di dandan pé kí mọ́tò ní ESC, kọ̀ǹpútà tó ń fi bíréèkì mú táyà kọ̀ọ̀kan tí mọ́tò bá fẹ́ yọ̀, gbogbo mọ́tò tuntun ní Amẹ́ríkà ti ní i láti ti ọdún 2012. Ìyẹn ló gba ọ̀pọ̀ jíìpù sílẹ̀. Explorer 1998 ò ní méjèèjì.

Ford náà sì tún Explorer kọ́. Ti ọdún 2002, wọ́n fẹ àlàfo táyà ẹ̀ sí i. Ínǹṣì 2 àbọ̀.

Aládùúgbò mi dákẹ́ díẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn jíìpù tó fẹ́ rà, ó bẹ̀rẹ̀ wo sítíkà, ó ní 26 ṣì wà níbẹ̀ o. Mo ní kó fi ọgbọ̀n sí i, kò burú. A wá jọ wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi bí wọ́n ṣe ń ka DOT hàn án: nọ́ńbà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún. Tòkunbọ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìjọba Nàìjíríà ní kí wọ́n má kó irú ẹ̀ wọlé, àmọ́ ẹ gba Ìwó Road kọjá kí ẹ wo bí wọ́n ṣe tò wọ́n síta. Mo ní kó bá mi sọ spare kalẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Wọ́n tú u, táyà dúdú kirikiri, irun kékeré rọ́bà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára ẹ̀, kò tíì kanlẹ̀ rí. Mo nu DOT ẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, 438. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń kọ mẹ́rin, mẹ́ta jẹ́ ti ayé àtijọ́: ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógójì, ọdún 1998. Ó ti wà lábẹ́ mọ́tò yẹn, nínú ooru sáíléǹsà, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é.

Fọkanáísà tó bá wa tú u fọwọ́ gbá a, ó ní ẹ̀gbọ́n, tiyín yìí dáa gan-an o, tíà rọ́bà ni, nínú gbogbo táyà mọ́tò yìí òun ló tuntun jù, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e sẹ́yìn, ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì yẹn ti jẹ tán.